Bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ènìyàn kí a tó mú ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú

Ohun tí ó sábà máa ń ba ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú jẹ́ ni ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ti mú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Bí ìwé ìpè bá ti jáde, ẹni tí ó ní ìmọ̀ràn á dà bí alátakò. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ó kéré tán.

Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn sílẹ̀: ọba tàbí baálẹ̀, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, àwọn awakọ̀ tí ẹ óò dí ojú ọ̀nà wọn, àwọn alásè, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ìkẹyìn yìí ni a máa ń gbàgbé, tí a ó sì máa wá kiri ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tọ̀ wọ́n lọ. Bí ẹ bá gbé ẹyọ kan ṣoṣo lọ, wọn yóò mọ̀ pé ẹ kàn wá fi tó wọn létí ni. Ìyálọ́jà ni kí ẹ bi nípa ọjọ́ ọjà, nítorí pé ọjà ọrún kì í dúró lójú kan nínú ọ̀sẹ̀: bí wọ́n bá ná an ní Sátidé, Ọjọ́rú ni wọn yóò tún ná an, kò sì ní padà bọ́ sí Sátidé títí ọjọ́ 28 yóò fi pé. Ọdún Iléyá náà ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí, nítorí náà ẹ má ṣe da ọjọ́ ọdún tó kọjá kọ. Bí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun yóò bá dara pọ̀ lórí Zoom, ẹ rántí pé láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ aago mẹ́rin ìdájí ní Houston. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Nàìjíríà sàn fún wọn.

Nígbà tí ẹ bá wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ bi wọ́n pé: “Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ kò fẹ́ kí a tú ká láì sọ?” Ẹ má ṣe fi WhatsApp bi àgbà ní irú ìbéèrè yìí, ẹ lọ bá wọn nílé, kí ọ̀dọ́ kan sì máa kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Inú ìdáhùn wọ̀nyí ni kí ẹ ti to ètò ìpàdé, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ ṣáájú nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń fò, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tí ẹ kò lo ìmọ̀ràn wọn, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó rí i lára ògiri. Ẹni tí a bá ṣàlàyé fún lè kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò wá. Ẹni tí a kò kà sí yóò jókòó sílé, yóò sì dá àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró.

Ìgbà náà ni kí ẹ tó gbé ìwé ìpè lọ fún atẹ̀wé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́.