Ìwé Ìkìlọ̀ Ọkọ̀ Lọ sí Houston, Àtúnṣe Rẹ̀ Wáyé ní Abuja: Ìrírí Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ lo ọkọ̀ tí mò ń wà ní Abuja yìí, ní Houston, ní Texas ti Amẹ́ríkà, kó tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wá kọ̀wé pé kí a dá a padà fún àtúnṣe, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni ìwé náà lọ, nítorí orúkọ rẹ̀ ló ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ó ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp, ó sì fi ohùn kún un: “Àbúrò mi, jọ̀wọ́, má fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀ o. Wọ́n ní airbag tó wà níwájú ẹni tó bá jókòó ti dírẹ́bà lè bẹ́ mọ́ onítọ̀hún lójú.” Airbag ni àpò tó máa ń yára kún fún gáàsì bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kó lè dáàbò bo ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa tó ń wa tòkunbọ̀ ní Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Mararaba kò ní ẹ̀gbọ́n tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa bá nílé. Ẹni tó lo ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ti tà á ní ọjà gbàǹjo, kò mọ ẹni tó rà á, ìwé sì ń lọ síbi tí ọkọ̀ kò sí mọ́. Nọ́ńbà ṣáṣí nìkan ló bá ọkọ̀ sọdá òkun. Òun ni kí ẹ fi wádìí, ìwé wá o, ìwé ò wá o.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó pọ̀ mọ́ra ni, 17 ni gbogbo wọn. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí òdo. Ẹ máa rí i ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú ní apá òsì, tí èèyàn lè kà láti ìta, àti lára òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ó yẹ kó wà nínú ìwé aṣọ́bodè àti ìwé ọkọ̀ pẹ̀lú. Mo fi ti gíláàsì wé ti ilẹ̀kùn, mo sì fi méjèèjì wé ti ìwé. Bí wọn kò bá bára mu, ọ̀rọ̀ mìíràn tó lágbára wà nídìí ọkọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ nhtsa.gov/recalls. NHTSA ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ lójú pópó. Wọn kì í gba owó, wọn kì í béèrè orúkọ. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀, ó máa gbé àwọn àtúnṣe tí wọn kò tíì ṣe sí ọkọ̀ yẹn jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: ọdún ni méjì àkọ́kọ́, lẹ́tà V tẹ̀lé e. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ó máa wúlò. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ni ibẹ̀ wà fún o. Bí tiyín bá wá láti Yúróòpù tàbí Dubai, ojú-ewé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni kí ẹ lọ.

Mo gbé nọ́ńbà àtúnṣe tí mo rí lọ bá mẹkáníìkì mi ní Apo, ọmọ Ìsẹ́yìn tó mọṣẹ́ gan-an, tí mo sì fọkàn tán. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó wo dáṣíbọọ̀dù. “Ẹ̀gbọ́n, iná airbag kò tàn. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ọkọ̀ yìí sì ti pẹ́ lọ́wọ́ yín.” Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù nìyẹn, nítorí pé ohun méjèèjì tó sọ ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ.

Agolo irin kékeré kan wà lẹ́yìn àpò airbag, èròjà oníná wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, iná á ràn mọ́ èròjà yẹn, á di gáàsì, àpò á sì kún kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ibi agolo yìí ni wàhálà airbag Takata ti Japan ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó kó ọkọ̀ padà fún àtúnṣe ju èyíkéyìí mìíràn lọ nínú ìtàn: airbag bíi mílíọ̀nù 67 ló kàn ní Amẹ́ríkà nìkan, ilé-iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè dé kóòtù ní 2017. Ammonium nitrate, tí wọ́n tún ń lò fún ajílẹ̀, ló wà nínú agolo náà, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ohun tó ń fa ọ̀rinrin mu. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá wóro rẹ̀ jà fún ọdún púpọ̀, ara rẹ̀ á bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí iná bá wá kàn án, á jó kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ, agolo á bẹ́, ẹ̀rún irin á sì fò lu ẹni tí àpò náà yẹ kó dáàbò bò. Àwọn ènìyàn ti kú báyìí, nínú ìjàǹbá tí kò yẹ kó gbẹ̀mí ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà ni iná airbag tó wà lára dáṣíbọọ̀dù kò fi tàn. Wáyà ni iná yẹn ń ṣọ́, kò mọ ohun tó ń lọ nínú agolo. Pé ọkọ̀ sì ti pẹ́ láìṣe nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà wá lẹ́rù, torí bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ewu náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí agolo tuntun kò tó káàkiri, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Florida àti Texas wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn nítorí ojú ọjọ́ wọn. Ọkọ̀ tèmi gba ooru Texas tán, ó tún wá ń gba ti Abuja, níbi tí ọwọ́ kì í ṣeé fi kan sítíárì ní ọ̀sán oṣù Kẹta.

Ó yé mẹkáníìkì mi. Ó ní kí a wá airbag mìíràn ní Apo níbẹ̀, pé ti tòkunbọ̀ pọ̀. Mo ní rárá. Ara ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n ti tú u, ta ló mọ agolo tó wà nínú ìyẹn? Rẹ́wáyà tó wà nítòsí ní òun lè yọ ọ́ pátápátá, kí òun sì dọ́gbọ́n sí iná rẹ̀ kó má tàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Agolo yẹn lè bẹ́ mọ́ ẹni tó ń tú u lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ra ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ yín lẹ́yìnwá kò ní mọ̀ pé òfìfo ló wà níwájú òun.

Láti ọjọ́ yẹn, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó níwájú mọ́. Ìyàwó mi bá àwọn ọmọ jókòó lẹ́yìn. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí mo máa ń gbé lọ sí ìpàdé ní Garki, dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ń wò mí. “Ẹ̀yìn lo ní kí èmi wọ̀?” Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Ewu ló wà níwájú yẹn, n kò sì fẹ́ kó kàn yín.” Mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n wọ ẹ̀yìn, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi.

Aṣojú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà wà ní Abuja níbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rà á. Òótọ́ ni. Òfin Amẹ́ríkà tó ní kí wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì lágbára dé ibí. Mo rọra béèrè pé kó bá mi kọ èsì yẹn sórí ìwé, kó sì fún mi ní ímeèlì ẹ̀ka tó ń gbọ́ tàwọn oníbàárà. Kò kọ ìwé, ṣùgbọ́n ó fún mi ní ímeèlì náà.

Lẹ́tà tí mo kọ kò gùn. Mo fi fọ́tò ìwé ẹ̀gbọ́n mi sí i, àti fọ́tò nọ́ńbà ṣáṣí lára ilẹ̀kùn, ìwé aṣọ́bodè, pẹ̀lú nọ́ńbà àtúnṣe tí mo rí lọ́dọ̀ NHTSA. Mo béèrè bóyá wọ́n ní agolo tuntun, iye àkókò tó máa gbà, àti ohun tó yẹ kí n ṣe kó tó dé. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ tí òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 gbé kalẹ̀. Òfin yẹn ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá rí i pé ewu wà nínú ọjà rẹ̀ kéde rẹ̀ fún aráàlú, kó sì kó o kúrò lọ́jà.

Èsì dé: wọ́n máa ṣe é, n kò ní san kọ́bọ̀, kí n dúró kí ohun èlò dé. Ó pẹ́ díẹ̀. Mo ń pè wọ́n, mo sì ń kọ orúkọ ẹni tó bá dá mi lóhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Wọ́n tú orí bátìrì, wọ́n sì dúró díẹ̀ kí iná tó kù nínú ẹ̀rọ airbag tán, kí wọ́n tó tú ibi pigeonhole. Agolo àtijọ́ kò bá mi relé, àwọn ló gbà á, torí ohun tó lè bẹ́ ni. Mo ya nọ́ńbà tó wà lára tuntun ní fọ́tò. N kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi fún mi ní ìwé tí nọ́ńbà ṣáṣí, nọ́ńbà àtúnṣe, nọ́ńbà ohun èlò àti ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tí mo tún wo ojú-ewé Amẹ́ríkà, ó ṣì ń sọ pé wọn kò tíì ṣe é. Ìwé yẹn ti wọ àárín ìwé ọkọ̀ mi, ẹni tí mo bá ta ọkọ̀ fún máa gbà á.

Mẹkáníìkì mi ti ń gba nọ́ńbà ṣáṣí lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ báyìí, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù rẹ̀. Àwọn kan ti jáde pé wọ́n yẹ fún àtúnṣe. Lẹ́tà mi ni wọ́n ń dà kọ, wọ́n ń fi nọ́ńbà tiwọn àti fọ́tò tiwọn sí i, FCCPC sì ń gba ẹ̀dà.