Ère àtijọ́ ní gbàǹjo: bẹ́ ẹ ṣe lè rà á àti bẹ́ ẹ ṣe lè tà á

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ ní ère ìbejì nínú àpótí ìyá àgbà, tàbí oṣé Ṣàngó tó wà nígun yàrá látayébáyé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì tà á fáwọn tó ń kiri ilé dé ilé. Tọkọtaya àgbà kan ní Faransé ta ìbòjú onígi àwọn Fang ti Gàbọ́ọ̀nù fún alágbàtà ní yúrò 150 lọ́dún 2021, ìgbà tó máa fi di March 2022 wọ́n ti lù ú ní gbàǹjo ní Montpellier ní mílíọ̀nù 4.2 yúrò, tọkọtaya náà pẹjọ́, kóòtù ìlú Alès sì da ẹjọ́ wọn nù ní 2023.

Òfin la máa kọ́kọ́ wò o. Òfin mùsíọ́mù ti 1979 sọ pé ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tí wọ́n ti fi ṣorò rí tó sì níyì nínú ìtàn, kò gbọdọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun àtijọ́, kódà nílé níbí ẹni tíjọba fọwọ́ sí nìkan ló lè rà á. Ìbejì tí ìyá ti wẹ̀ fún, tó ti se ẹ̀wà fún, inú ibẹ̀ ló wà. Torí náà mùsíọ́mù tó wà ní Alẹ́ṣinlóyè n'Íbàdàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́bí sì ti fẹnu kò kẹ́ ẹ tó gbéra, torí ohun ẹbí ni. Igbá fífín tuntun láti Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ kì í ṣohun àtijọ́, àmọ́ ẹ gba ìwé tẹ́ ẹ máa fi han kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ìtàn ère gan-an lowó wà. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè kí wọ́n tó lọ: ta ló gbẹ́ ẹ, agboolé wo, ta ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún? Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, ẹ ya ère náà níwájú, lẹ́yìn, nísàlẹ̀, ẹ ya ibi tó ti sán pẹ̀lú. Fọ́tò àtijọ́ tó fi í hàn lójú ìbọ níyì ju ẹnu lásán lọ. Àwọn ilé gbàǹjo ńlá bíi Sotheby's àti Christie's máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ohun náà ti kúrò nílùú ẹ̀ ṣáájú 1970, ọdún tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ṣe àdéhùn láti dènà kíkó ohun àṣà kúrò nílùú lọ́nà àìtọ́.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ rà ni, ẹ wo ibi tọ́wọ́ ti máa ń kàn án. Ìbejì tí wọ́n ti ń wẹ̀ fún lọ́dún gbọọrọ, ojú àti imú ẹ̀ ló máa ń jẹ, osùn á wà ní kọ̀rọ̀ ara ẹ̀, aró á wà nínú irun ẹ̀, àmọ́ ọnà tó wà lẹ́yìn etí àti abẹ́ apá ṣì máa mú. Èyí tí gbogbo ara ẹ̀ gbó bákan náà tó tún ń rùn èéfín, ẹ fura sí i gidigidi.

Iye tí òòlù bá kàn kọ́ lẹ máa san o. Ilé gbàǹjo máa ń fi owó tiẹ̀ kún un, tó bá jẹ́ 25 lórí 100, ohun tẹ́ ẹ mú ní 1,000 dọ́là ti di 1,250, owó ọkọ̀ àti owó orí ò tíì sí níbẹ̀. Ẹni tó ń tà náà ń san tiẹ̀, kó sì rí i pé iye tó kéré jù tóun lè gbà wà nínú àdéhùn.

Tó bá jẹ́ ìrọ́kẹ́ Ifá tí wọ́n fi eyín erin ṣe, ẹ béèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó náwó kankan, torí láti 2022 ni òfin tó ká títà eyín erin lọ́wọ́ kò ti ń ṣiṣẹ́ nílùú ọba, ní 2025 wọ́n fi eyín àbùùbùtán kún un.