Bí a ṣe ń mú kí yàrá inú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ tura

Bí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun bá sanwó ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ fún bàbá àti ìyá wọn ní Kàbà tàbí Ìsánlú, àwòrán adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti tábìlì oúnjẹ ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sílé. Wọn kì í fi ti yàrá ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, yàrá tí kò ní fèrèsé kì í sábà ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú àti 17 ní gígùn lọ, ilé ìwẹ̀ àti ibi ìkáṣọsí sì wà nínú ìwọ̀n yẹn. Ó lè tura dáadáa, ṣùgbọ́n ilé ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yan ibi tí yàrá wà, kí owó tó jáde lápò. Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú bọ́ọ̀sì láti Kàbà lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ mọ̀ pé ara ẹni tó wà lẹ́yìn ni gbogbo kòtò ọ̀nà ń já sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi rí: iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń lọ sókè sódò jù, òkè rẹ̀ ló sì ń fì jù. Nítorí náà, àárín ọkọ̀, ìpele ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ẹni tó ń sanwó ṣí àwòrán ìpele ọkọ̀ náà, kó rí i pé yàrá àwọn èèyàn ló wà lókè àti nísàlẹ̀ yàrá yín. Lábẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ ó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ àga láàárọ̀ kùtù. Lókè gbọ̀ngàn ijó, ìlù kò ní jẹ́ kí ẹ sùn. Ní iwájú pátápátá, ariwo ṣéènì ìdákọ̀ró ló máa jí yín. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló máa bá yín yan yàrá kò yẹ àgbàlagbà.

Iná ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀ níbẹ̀.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í pọ̀ nínú yàrá wọ̀nyí. Ẹ lè bá irú ti Amẹ́ríkà, tó ń gbé 110 fólìtì, àti irú ti Yúróòpù olójú róbótó, tó ń gbé 220, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì dígí. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa kò wọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á ju ẹkisitẹ́ńṣọ̀n ilé sínú àpótí. Ẹ má ṣe é. Èyí tó sì burú jù ni èyí tí wọ́n ṣe ohun tó ń dènà iná àkúnya sí nínú, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń sọ pé òun ló dáa jù. Nílé, òótọ́ ni wọ́n sọ. Lórí omi, ewu ni.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú iná ilé wa, wáyà kan ló gbé iná, èkejì kò gbé e, wọ́n sì so ó mọ́ ilẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi, wáyà méjèèjì ló gbé iná. Irú ẹkisitẹ́ńṣọ̀n yìí lè gé wáyà kan kí iná ṣì máa gba inú èkejì kọjá, nǹkan inú rẹ̀ á máa gbóná títí tó fi máa jó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní 2013. Bí ẹ bá gbé e dání, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ á gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á gba áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù, bọ́ílìn rìn àti àbẹ́là pẹ̀lú.

Ohun tí ẹ máa gbé kò pọ̀: adáptà kan fún sọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ọ̀kan fún ti Yúróòpù, àti orí ṣájà kan tó ní ojú USB mẹ́rin. Ìyẹn tó fún fóònù méjì, tọ́ọ̀ṣì àti fáànù kékeré lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rántí pé ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì ni adáptà ń yí padà, kò yí agbára iná. Kí ẹ tó di ẹrù, ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lára ṣájà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, ó dáa. Bó bá jẹ́ 220–240V nìkan, bíi ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgẹrun, ẹ fi í sílẹ̀ sílé. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ mímí lóru gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ṣáájú, kí wọ́n lè bá a pèsè wáyà tiwọn.

Fáànù kékeré tó ń gba iná sára, irú èyí tí a ń lò nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, wúlò púpọ̀, torí afẹ́fẹ́ inú yàrá tí kò ní fèrèsé lè má rìn dáadáa. Nínú ọkọ̀ òfurufú, páwà báńkì gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù ńlá. Èyí tó jẹ́ 20,000 mAh kò kọjá ìwọ̀n tí wọ́n gbà, nítorí 74 Wh (wáàtì-wákàtí, ìwọ̀n iná tó lè gbé) ló jẹ́, 100 Wh sì ni ààlà.

Irin ni ògiri ọ̀pọ̀ yàrá ọkọ̀. Ẹ ra òòfà kékeré mẹ́fà tó ní ìkọ́, kí ẹ fi gbé fìlà, báàgì àti aṣọ ìwẹ̀ kọ́. Kò sóhun tó dáa tó o fún yàrá kékeré. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù, á bó ọ̀dà. Ẹ má fi òòfà sún mọ́ káàdì tí ẹ fi ń ṣílẹ̀kùn, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ nínú àyà má sì fọwọ́ kan òòfà náà. Báàgì Gáná-mọ́sì-gò dáa ju àpótí líle lọ: ẹ tú ẹrù inú rẹ̀ tán, ẹ ká a, ẹ tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ẹ̀rọ amúlétutù ń mú bí ọyẹ́. Aṣọ òwú híhun kan láti ilẹ̀ Òkun, ìyẹn agbègbè Kàbà àti Ìsánlú, ju súwẹ́tà méjì lọ, ẹ lè fi bora, ẹ sì lè ró o. (Aṣọ ìpò ti àwọn Bùnú kọ́ ni mò ń wí o, ti ìsìnkú àgbà nìyẹn.)

Yàrá tí kò ní fèrèsé dúdú biribiri lóru, ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ sì ga sókè tí ẹsẹ̀ fi ń kọ́ ọ. Ẹ fi òòfà so iná kékeré oníbátìrì mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà, kó máa tàn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Afẹ́fẹ́ ló ń fa ìdọ̀tí inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ lọ. Bébà ìnùdí nìkan ni kó wọ inú rẹ̀, torí bó bá dí, tàwọn aládùúgbò yín lè dí pẹ̀lú. Bútà oníláílọ́ọ̀nù kékeré kò ní wàhálà. Bí ẹ bá fọ aṣọ, àńkárá tín-ín-rín á gbẹ lórí okùn ilé ìwẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì. Léèsì àti jíǹsì kò ní gbẹ, ẹ má wulẹ̀ fọ wọ́n.