Bí A Ṣe Ń Dá 4Runner Tòkunbọ̀ Tí Wọ́n Gbé Sókè Padà Sí Gíga Tó Bá Wáyé

Kì í ṣe ohun tuntun kí 4Runner ọdún 2010 sí 2023 dé láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú táyà ràbàtà àti ara tí wọ́n ti gbé sókè. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó fẹ́ fi gun àpáta ni. Lójú pópó Èkó tàbí Ìbàdàn, gíga yẹn ń jẹ epo, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì sì ń tètè kú, bẹ́ẹ̀ ni róbà tó bo ṣáàfù iwájú ń ya. Ọkọ̀ náà ṣeé dá padà. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀ ṣá. Àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n fi kún un nítorí gíga náà ló ń ba ọkọ̀ jẹ́ bí a bá gbàgbé wọn sábẹ́ rẹ̀.

Torí náà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ wo orí ṣọ́ọ̀kì iwájú bóyá irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín òun àti ṣáásì. Ẹ wo ibi tí dífù iwájú (àpótí jíà tó ń pín agbára sí ẹsẹ̀ méjèèjì) ti so mọ́ ọkọ̀ bóyá wọ́n fi sípésà, ìyẹn irin àfikún tí wọ́n ń fi sáàárín, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, irin tó ń dáàbò bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì náà á ní sípésà tirẹ̀. Ẹ wo ọ́pà áàmù (apá irin òkè tó di ẹsẹ̀ iwájú mú) bóyá ti ilé-iṣẹ́ mìíràn ni, ẹ wo róòbù búréèkì (páìpù rírọ̀ tó ń gbé ọ́ìlì búréèkì) bóyá ó gùn jù, ẹ wo róbà tó ń gba ìkọlù lórí áàsù ẹ̀yìn bóyá wọ́n mú un gùn, kí ẹ sì wo ọ̀pá tó dábùú áàsù ẹ̀yìn bóyá ó ní ibi tí wọ́n ti ń yí i gùn tàbí kúrú. Ẹ wo ẹ̀yìn ríìmù náà fún sípésà. Bí wọ́n bá ti gé irin ṣáásì lẹ́yìn táyà iwájú kí táyà ńlá lè ráyè, pánẹ́lì-bítà tó mọ wẹ́dì ló lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ yọ owó iṣẹ́ yẹn kúrò nínú owó tí ẹ máa san fún ọkọ̀.

Ní ti táyà, ìwé tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́. Nínú àwọn oríṣi 4Runner yìí, SR5 àti Trail ń lo 265/70R17, Limited ń lo 245/60R20. Èyí tí a sábà máa ń bá lẹ́sẹ̀ àwọn tí wọ́n gbé sókè ni 285/70R17. Ó ga tó mílímítà 831, ti ilé-iṣẹ́ sì jẹ́ 803. Bí mítà bá pe 100, ọkọ̀ ti ń sá 103.5, bí wọn kò bá tún mítà náà ṣe. Kìlómítà tó hàn náà kéré sí èyí tó ti rìn gan-an, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ka ìgbà ọ́ìlì. Ẹ ra táyà márùn-ún, kì í ṣe mẹ́rin, nítorí èyí tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ bá àwọn yòókù dọ́gba. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, ìyẹn àmì tí wọ́n tẹ̀ sára táyà, ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Tí ẹ bá ń wá Bẹ́líjíọ̀mù (ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù) ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Gate n'Ìbàdàn, ẹ béèrè ṣọ́ọ̀kì iwájú tó ṣì gbé sípíríǹgì àti orí rẹ̀ dání. Èyí ló dára jù, nítorí kò ní sí ìdí láti fún sípíríǹgì pọ̀. Ẹ má gba èyí tó ń jo ọ́ìlì. Ẹ má sì gba ti Prado nítorí pé ó jọ ọ́, agbára sípíríǹgì wọn lè yàtọ̀.

Iṣẹ́ iwájú nìyí. Ilẹ̀ títẹ́jú, igi lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, jáàkì, kí ẹ sì fi ìdúró irin gbé ṣáásì. Búlọ́ọ̀kù ilé máa ń fọ́ lójijì, ẹ má fi ẹ̀mí yín sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sítébíláísà (ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀) á máa fa ọwọ́ yín. Ẹ tú líńkéèjì rẹ̀, ẹ tú bọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀tù méjì tó so bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀, kí lóòwà áàmù (apá irin ìsàlẹ̀) lè sọ̀kalẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta orí ṣọ́ọ̀kì ló kù. Nọ́ọ̀tì kan wà láàárín àwọn mẹ́ta yẹn: ẹ má fọwọ́ kàn án! Òun ló ń di sípíríǹgì mú, bí ẹ bá tú u, sípíríǹgì á fò jáde pẹ̀lú agbára tó lè pa èèyàn. Ẹ fi okùn so irin tó ń gbé táyà mọ́ òkè kí ó má rọ̀ sórí róòbù búréèkì àti wáyà ABS.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, nọ́ọ̀tì mẹ́ta òkè gba 64 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bọ́ọ̀tù), bọ́ọ̀tù bọ́ọ̀lù jọ́ìntì gba 160. Bọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, 83 Nm, kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì ni ká fún un pa. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ mì í síwá sẹ́yìn, kí ẹ tó fún un. Bí róbà búúṣì bá ti yí nígbà tí áàmù rọ̀, ojoojúmọ́ ni yóò máa fà títí tí yóò fi ya. Ohun tó ń pa búúṣì tuntun láàárín oṣù mélòó kan nìyẹn, tí wọ́n á sì ní ayédèrú ni.

Ẹ yọ sípésà dífù náà nísinsìnyí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀, ṣáàfù á tẹ̀ síbi tí kò yẹ, ọkọ̀ á sì lè máa gbọ̀n.

Ẹ̀yìn rọrùn. Jáàkì sábẹ́ áàsù, ìdúró sábẹ́ ṣáásì, ẹ tú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, ẹ rẹ áàsù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ojú lára róòbù búréèkì, sípíríǹgì á jáde fúnra rẹ̀. Ẹ rí i pé orí sípíríǹgì tuntun jókòó síbi tí wọ́n gbẹ́ fún un lórí ìjókòó rẹ̀. Ẹ dá róbà ìkọlù kúkúrú padà. Bí ọ̀pá dídábùú bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń yí, ẹ rọ́pò rẹ̀, torí bí ó bá wà ní gígùn ti òkè, áàsù á yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọkọ̀ tó ní KDSS (ètò tó ń fi ọ́ìlì darí sítébíláísà) yàtọ̀: bí a kò bá tú àwọn fáàfù rẹ̀ bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ, ọkọ̀ á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Sípánà 21 ni nọ́ọ̀tì ríìmù ń gbà, wọ́n sì ń fún un ní 112 Nm, ní ìrísí ìràwọ̀. Ẹ fẹ́ táyà sí 32 psi. Aláínmẹ́ǹtì kì í ṣe ohun àfisílẹ̀, nítorí kámbà (bí táyà ṣe fì sínú tàbí síta) àti káàsítà (bí ibi tí táyà ti ń yí ṣe tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn) ti yí padà pátápátá. Ẹ ti fi ọ́ìlì tó ń tú ìpata sí bọ́ọ̀tù ìyípadà lóòwà áàmù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí àwọn bọ́ọ̀tù yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ irin, wọ́n á ṣẹ́ mọ́ ẹni tó ń ṣe aláínmẹ́ǹtì lọ́wọ́. Iná iwájú náà yóò máa wolẹ̀ bí wọ́n bá ti yí i nígbà tó ga. Ẹ tún un yí. Lẹ́yìn 100 kìlómítà, ẹ tún gbé sípánà sí nọ́ọ̀tì ríìmù gbogbo.