Bí A Ṣe Ń Ṣe Àga Windsor ní Ìlànà Àwọn Gbẹ́nàgbẹ́nà Philadelphia

Láti nǹkan bí ọdún 1740 sókè, nígbà tí Amẹ́ríkà ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú Philadelphia ń ṣe irú àga kan tí à ń pè ní Windsor, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àwọn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jọ wọ inú pátákó ìjókòó kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bí tiwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí igi ṣe ń gbẹ, torí pé gbígbẹ igi ló ń ṣe iṣẹ́ ìṣó níbẹ̀.

Igi páìnì tàbí poplar ni kí ẹ fi ṣe ìjókòó nítorí pé ó rọrùn láti gbẹ́, kí ẹ fi maple ṣe ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi hickory ṣe àwọn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe fi ayùn rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Àáké ni kí ẹ fi là á nígbà tí igi ṣì tútù, kí ó lè tẹ̀ lé iṣan ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ọ̀pá tí ayùn bá gé iṣan rẹ̀ kọjá yóò ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹni tó sanra bá fẹ̀yìn tì í.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti wọ ìjókòó ló gba ọgbọ́n jù. Ẹ yá orí ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná títí yóò fi gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n kí omi díẹ̀ ṣì wà lára pátákó. Bí ẹ bá lù ú wọlé, ihò yóò máa fún mọ́ ọn bí pátákó ṣe ń gbẹ, orí ẹsẹ̀ náà yóò sì fa omi, yóò wú. Lẹ́yìn èyí, ẹ la orí ẹsẹ̀ tó yọ sókè díẹ̀, kí ẹ sì gbá igi pẹlẹbẹ kan sínú rẹ̀. Ìlà yìí gbọ́dọ̀ dábùú iṣan ìjókòó: bí ó bá bá iṣan náà lọ, òólù kan péré tó láti la gbogbo pátákó sí méjì.

Igi tó rọ̀gbà yí ẹ̀yìn àga ká ni kí ẹ fi oru omi gbígbóná rọ̀, kí ẹ sì tètè tẹ̀ ẹ́ kó tó tutù.

Àwọ̀ ewé ni wọ́n sábà máa ń kùn ún, nítorí pé oríṣi igi mẹ́ta kì í ní àwọ̀ kan náà. Ìpẹtà bàbà tí wọ́n lọ̀ mọ́ òróró ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n májèlé ni. Ọ̀dà òde òní sàn jù ú lọ.