Áílándì àbí tábìlì ìjẹun ńlá: ẹ wọn ilé kí ẹ tó pe káfíńtà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́lé ní Ajah tàbí Magodo lásìkò yìí ló ń mú irú àwòrán kan náà tọ káfíńtà lọ: ilé ìdáná tó ní áílándì, ìyẹn káńtà tó dá dúró láàárín ilé, tí òkúta dídán wà lórí rẹ̀, tí àga gíga mẹ́rin sì tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wuni lóòótọ́. Àmọ́ àwòrán kì í sọ bí ilé náà ṣe fẹ̀ tó, kì í sì í sọ irú oúnjẹ tí wọ́n ń sè níbẹ̀. Ohun méjèèjì yìí ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá áílándì ló yẹ yín, àbí kẹ́ ẹ fi owó yẹn ṣe tábìlì ìjẹun gidi tí gbogbo ará ilé lè jókòó yí ká.

Lójú tiwa, tábìlì ló yẹ ọ̀pọ̀ fúláàtì Èkó. Áílándì yẹ ilé tí ilé ìdáná rẹ̀ fẹ̀ tó fíìtì 11 ó kéré tán, tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì ti ṣètò omi, iná àti gáàsì rẹ̀ kí wọ́n tó lẹ táìlì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́ta yìí, ẹ tún un rò.

Ọ̀nà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n

Káńtà ara ògiri sábà máa ń yọ síta tó fíìtì 2. Ọ̀nà tó wà láàárín káńtà yìí àti áílándì kò gbọ́dọ̀ dín sí fíìtì 3. Fíìtì 3 ààbọ̀ ló ṣeé rìn dáadáa, bó bá sì jẹ́ pé ẹni méjì ló jọ máa ń dáná, ẹ jẹ́ kó pé 4. Áílándì fúnra rẹ̀ kò wúlò bí kò bá fẹ̀ tó fíìtì 2. Bí ẹ bá fẹ́ máa jókòó jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fíìtì 3 ni.

Ẹ wá ro ó pọ̀. Bí káńtà bá wà lára ògiri kan ṣoṣo: fíìtì 2 ti káńtà, 3 ààbọ̀ ti ọ̀nà, 2 ti áílándì, 3 ààbọ̀ ti ọ̀nà kejì, ó di 11. Bí káńtà bá wà lára ògiri méjì tó kọjú síra, ó di 13. Ilé ìdáná tó jẹ́ fíìtì 10 sí 12, tí ọ̀pọ̀ ayálégbé Súrùlérè máa pè ní ńlá, kò gba ti ògiri méjì yìí. Ká ní káńtà wà lápá méjèèjì lórí fífẹ̀ fíìtì 10 yẹn, ó ku 6 láàárín. Bí áílándì bá gba 2, fíìtì 2 péré ló máa kù lápá ọ̀tún, tí 2 máa kù lápá òsì. Ẹ̀gbẹ́ lèèyàn máa fi kọjá níbẹ̀. Bí ẹni tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná bá pàdé ọmọ tó ń sáré bọ̀ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kò síbi tí wọ́n máa yà sí.

Ẹ má gbàgbé ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn fíríìjì ńlá máa ń ṣí síta tó fíìtì 2 ààbọ̀. Ti ààrò gáàsì máa ń ṣubú síwájú tó íǹṣì 20, ẹni tó fẹ́ yọ nǹkan nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ráyè dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ti tábìlì náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò fíìtì 2 létí tábìlì. Tábìlì fíìtì 6 sí 3 gba ẹni 6. Fíìtì 8 sí 3 ààbọ̀ gba ẹni 8. Láti etí tábìlì dé ara ògiri, ẹ fi fíìtì 3 sílẹ̀ kí àga lè ṣeé fà sẹ́yìn. Níbi táwọn èèyàn ti ń gba ẹ̀yìn ẹni tó jókòó kọjá, ẹ jẹ́ kó tó íǹṣì 44. Ìyẹn ni pé tábìlì ẹlẹ́ni 6 ń fẹ́ àyè fíìtì 12 sí 9. Ọ̀pọ̀ pálọ̀ lè yọ̀ǹda ìyẹn bí wọ́n bá dín àga onítìmùtìmù kan kù.

Ṣọ́ọ̀kì tàbí téèpù tí ẹ fi sàmì sílẹ̀ nìkan kò tó láti fi dán an wò, torí ara máa ń kọjá lórí ìlà láì mọ̀. Ẹ kó páálí jọ, ẹ tò ó ga tó fíìtì 3 níbi tí áílándì máa wà, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ títí di Sátidé tí ẹ máa se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ lọ ata, ẹ din ẹran, ẹ ṣí fíríìjì, ẹ gbé garawa omi kọjá. Bí páálí bá ń ṣubú, òkúta máa gbá yín níbàdí níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Oúnjẹ wa àti gíga káńtà

Áílándì máa ń ga tó íǹṣì 36. Gíga yẹn dára gan-an fún gígé ẹ̀fọ́, pípo ìyẹ̀fun ṣinṣín, fífọ ẹja àti dídi oúnjẹ sínú ike. Ẹni tó bá ń se oúnjẹ tà láti ilé máa jèrè rẹ̀ lójoojúmọ́, torí èèyàn mẹ́ta lè dúró yí i ká ṣiṣẹ́ láì fara kan ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń ro àmàlà. Agbára tó fi ń ti ọmọrogùn ti èjìká ń wá sílẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń gbé ìkòkò sílẹ̀, tá a máa jókòó sórí àpótí, tá a máa fi ẹsẹ̀ tàbí aṣọ dì í mú. Bí sítóòfù bá wà lórí áílándì, gíga ìkòkò tún máa kún íǹṣì 36 yẹn, ọwọ́ á dé ọ̀gangan àyà, kò sì ní sí agbára níbẹ̀ mọ́. Yàtọ̀ síyẹn, káńtà ara ògiri ní ògiri tó dá ìkòkò dúró bó bá yọ̀. Áílándì kò ní. Apá kejì tí ìkòkò máa yọ̀ lọ ni àwọn ọmọ jókòó sí. Òróró dòdò náà ń ta síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá máa ṣe áílándì tí èèyàn ń jókòó sí, ẹ fi sítóòfù sílẹ̀ lára ògiri níbi tí fèrèsé wà, kẹ́ ẹ sì rí i pé ilẹ̀ tó gba àpótí àti ìkòkò àmàlà ṣì kù.

Ní ti ìjókòó, àga áílándì máa ń ga tó íǹṣì 24 sí 26. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn kò lè gùn ún, ọmọ ọdún mẹ́ta á já bọ́ látorí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó jókòó kọjú síbì kan náà, bí ẹni wà nínú bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó rójú ẹnì kejì. Òkèlè sì ń fẹ́ àyè: àwo àmàlà, àwo ọbẹ̀, abọ́ omi ìṣanwọ́, ife omi. Bí etí áílándì tí ẹ fi sílẹ̀ fún oúnjẹ bá jẹ́ fíìtì kan péré, abọ́ ìṣanwọ́ ló máa kọ́kọ́ dà sílẹ̀. Ilé tí òbí máa ń wá kí, tí wọ́n ń jẹun pọ̀ lọ́jọ́ Iléyá àti ọjọ́ Ìkómọ, tábìlì ni wọ́n nílò. A kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ilé tí àgbà rẹ̀ kò ti ní ibi tó máa jókòó jẹun.

Bí ẹ bá yan tábìlì

Orí tábìlì ga tó íǹṣì 30, ìjókòó àga tó 18. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà lábẹ́. Pákó kan wà tí káfíńtà máa fi yí abẹ́ tábìlì ká, tí ẹsẹ̀ tábìlì wọ̀ mọ́. Bí ó bá fi pákó íǹṣì 7 ṣe é kó lè lágbára, itan ẹni tó jókòó máa há. Láti ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pákó yẹn, ẹ ní kó fi íǹṣì 25 sílẹ̀. Bí ẹ bá tún yan àga tó lápá, ẹ wọn apá rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó: bí ó bá ga ju ìwọ̀n yẹn lọ, àga kò ní wọ abẹ́ tábìlì, á yọ síta, á sì jẹ ọ̀nà tí ẹ ti fara balẹ̀ wọ̀n.

Pákó ni ohun tó kàn. Ní ọjà pákó Àmù ní Mushin, ẹ máa rí ìrókò, ọ̀gànwó, àfàrà àti igi ọmọ. Ìrókò ni ikán kì í fẹ́ràn. Àfàrà rọ̀, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kéré, àmọ́ ikán máa jẹ ẹ́ bí wọn kò bá fi oògùn kùn ún. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, kó gbẹ. Ẹ gbé pákó méjì tí igi wọn jọra, tí ìwọ̀n wọn sì bára mu: èyí tó wúwo jù lómi nínú. Tábìlì tí wọ́n fi pákó tútù ṣe nígbà òjò máa dùn ún wò títí ọyẹ́ á fi dé ní December, nígbà náà ni oríkèé rẹ̀ á là débi tí ìrẹsì máa kó sí. Pákó gbígbẹ náà ṣì máa ń wú, ó sì máa ń sún kì. Nítorí náà, kí káfíńtà má fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó kan orí tábìlì pa pátápátá mọ́ abẹ́. Ihò síkúrúù tó gùn díẹ̀ ní ìbú ni kó lù, kí pákó lè ráyè mí.

Bí ẹ bá yan áílándì

Inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú. A máa ń da omi sílẹ̀ fọ ilé ìdáná ní Èkó. MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀, máa mu omi bó bá kanlẹ̀, á wú bíi búrẹ́dì, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní pa dé mọ́. Marine board, ìyẹn pákó tí omi kì í tètè bà jẹ́, ló tọ́, kí wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀ oníke íǹṣì 4. Àwọn mìíràn máa ń ní kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, kí wọ́n sì lẹ táìlì sí i. Ìyẹn kì í bẹ̀rù omi tàbí ikán, owó rẹ̀ sì lè dínkù, ṣùgbọ́n kò ṣeé sún, bó bá sì jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ bi ẹnjiníà bóyá dẹ́kìn lè gbé ìwúwo rẹ̀.

Òkúta kì í ṣe ohun kékeré. Gíránáìtì tó nípọn tó mílímítà 20 wọn nǹkan bíi kìlógírámù 54 fún mítà kan níbùú lóròó. Pátákó fíìtì 6 sí 3 sún mọ́ kìlógírámù 90. Ìdúró ni wọ́n ń gbé e, lórí etí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e ní ìdùbúlẹ̀, ó lè dá sí méjì. Ẹ wọn kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn yín kí ẹ tó ra odindi. Bí ẹ bá fẹ́ kí òkúta yọ síta kí orúnkún lè ráyè, íǹṣì 12 sí 15 ló dára, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti kọjá 10 gbọ́dọ̀ ní irin lábẹ́, torí ọjọ́ kan ẹnì kan á fi gbogbo ara tì í.

Máábù rẹwà, ṣùgbọ́n ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátò máa ń jẹ dídán rẹ̀, epo pupa sì máa ń wọnú rẹ̀ lọ. Gíránáìtì ló bá ilé ìdáná wa mu. Lọ́dọ̀ àwọn olókùúta, ẹ kán omi sórí èyí tí ẹ fẹ́, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10: bí ojú ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, ó ń mu omi, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi oògùn dí i kó tó kan epo.

Wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì fún búlẹ́ńdà gbọ́dọ̀ gba inú páìpù lábẹ́ táìlì. Síńkì ló le jù. Páìpù omi ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ dà sílẹ̀ ní íǹṣì 1 fún fíìtì 4 kọ̀ọ̀kan. Bí ògiri bá jìnnà tó fíìtì 8, ó di íǹṣì 2. Ní ilẹ̀, wọ́n lè gbẹ́ ẹ. Lókè, dẹ́kìn kò ní àyè yẹn àfi bí wọ́n bá gbé ilẹ̀ sókè. Páìpù tí wọ́n fi tipátipá tẹ́ sílẹ̀ ní ìdọ́gba ló ń fa omi tó ń padà àti òórùn tó ń rú jáde lọ́sàn-án.

Ayálégbé

Ẹ má mọ áílándì sínú ilé ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí ẹ bá kó jáde, ibẹ̀ ló máa kù. Ẹ ní kí káfíńtà ṣe tábìlì iṣẹ́ fíìtì 4 sí 2, gíga rẹ̀ íǹṣì 36, pẹ̀lú táyà mẹ́rin tó ní búréèkì. Bí ọkà bá kàn, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ní pálọ̀, tábìlì tó ń ká máa gba ẹni 4 lójoojúmọ́, á sì gba 8 bí ẹbí bá dé. Ẹni tó ní ilé ìdáná fíìtì 9 tó sì ń fẹ́ káńtà àárín lè so òpin rẹ̀ kan mọ́ ògiri, ọ̀nà kan á dínkù nínú ìṣirò.

Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ kọ ìwọ̀n sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì fún káfíńtà ní ẹ̀dà kan. Ẹ má jẹ́ kí olókùúta gé nǹkan kan títí inú áílándì á fi dúró síbi tó máa wà, tí òun fúnra rẹ̀ á sì wá wọ̀n ọ́n, torí ògiri Èkó kì í sábà gún. Fún tábìlì, ẹ dá owó díẹ̀ dúró títí wọ́n á fi gbé e dé orí táìlì yín. Ẹ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń mì, ẹ yí i sí ibòmíràn: bí ó bá dúró, ilẹ̀ ni kò dọ́gba, bó bá ṣì ń mì, kí káfíńtà gbé e padà.