Wọ́kì-tọ́kì ojú omi: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa ọlọ́kọ̀ afẹ́

Bí ọkọ̀ afẹ́ bá ń lọ sí Tarkwa Bay tàbí Ilashe lópin ọ̀sẹ̀, ẹ yẹ inú àpò tó wà lábẹ́ ìjókòó wò. Ibẹ̀ lẹ máa bá wọ́kì-tọ́kì, láàárín táwẹ́ẹ̀lì àti ìgò ọtí. Kò sí àṣìṣe tó burú tó ìyẹn. Ẹni tí ọkọ̀ dà nù kò tún ní ráyè tú àpò. Ẹ fi okùn so ó mọ́ life jacket ẹni tó ń wa ọkọ̀.

Àwọn mìíràn á ní fóònù ti tó. Ká tiẹ̀ ní nẹ́tíwọ̀kì wà, ẹnì kan ṣoṣo ni fóònù ń pè. Ẹni tó bá ké lórí ìkànnì 16, ìyẹn ìkànnì ìpè àti pàjáwìrì, gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí tó tan rédíò sílẹ̀ ló máa gbọ́ ọ, títí kan àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ Àpápá. Ẹ má sì ra irú èyí táwọn mẹ́gáàdì ń lò lẹ́nu géètì. Rédíò VHF tí wọ́n ṣe fún ojú omi lẹ ń wá, èyí tí ìkànnì 16 rẹ̀ wà lórí 156.8 MHz.

Wáàtì, ìyẹn agbára rẹ̀, lẹni tó ń tà á máa fi pọ́n ọn. Wáàtì 5 tàbí 6 ni ọ̀pọ̀ wọn, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Bí áńtẹ́nà ṣe ga tó ló ṣe kókó: èèyàn méjì tó jókòó sínú ọkọ̀ kékeré lè má gbọ́ ara wọn mọ́ tí wọ́n bá fi bíi máìlì 4 jìnnà síra. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ ná lé wáàtì, ẹ ná an lé èyí tó ń léfòó. IPX7 tí wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe lè kojú omi tó, túmọ̀ sí pé ó lè wà lábẹ́ omi mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Kò ní kí ó má rì. Ẹ jù ú sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi nílé, ẹ ó rí i.

Èyí tó ní DSC (ètò tó ń fi ìpè pàjáwìrì ránṣẹ́ láìsọ̀rọ̀) àti GPS (tó ń mọ ibi tẹ́ ẹ wà) dára gan-an, torí bọ́tìnì pupa rẹ̀ máa ń fi ibi tẹ́ ẹ wà ránṣẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń rà á láìtẹ MMSI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ní dígíìtì 9, sínú rẹ̀. Láìsí nọ́ńbà yẹn, bọ́tìnì náà kò lè ṣiṣẹ́.

Ẹ má ṣe sọ ìkànnì 16 di ibi ìtàkúrọ̀sọ. Ẹ pe ara yín níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì bọ́ sórí 72. Ẹ sì ṣọ́ra fún jíjókòó lé e: bọ́tìnì ìsọ̀rọ̀ tó bá há mọ́lẹ̀ lè dí ìkànnì náà pa fún gbogbo èèyàn, tí bátìrì yín á sì máa lọ.

Ọ̀gá ọkọ̀ nìkan kọ́ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n lò, torí òun gan-an lè já sómi. Ẹ kọ́ ẹlòmíì: kó pe “Mayday” (igbe ìrànlọ́wọ́ nínú ewu ńlá) lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sọ orúkọ ọkọ̀, ibi tẹ́ ẹ wà, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iye èèyàn, kó wá jọ̀wọ́ bọ́tìnì kó lè gbọ́ èsì.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó fi sórí ṣájà. Àwọn irin ṣáájì ìdí rẹ̀ yẹn ni iyọ̀ kọ́kọ́ máa ń jẹ.